Ẹni Tó Dúró fún Hàbíbátù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín ò dùn. Àfi bí ẹni tí kò jẹun. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ààlọ́ mi rìn títí, kò yà sílé Ìjàpá, kò yà sílé iwin, ó bá ẹsẹ̀ odò Ọbà wọ̀lú, ó wá jókòó sílé obìnrin kan n'Ìwó níbí, tí wọ́n ń pè ní Ràhámọ̀tù.

Ràhámọ̀tù kì í ṣe ọmọ ọba, kì í ṣe ìyálọ́jà. Gaàrí ló ń yan lẹ́yìnkùlé agbolé wọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un: Hàbíbátù ni ẹ̀gbọ́n, Ṣẹ̀fíátù ni àbúrò. Ọdún méjì péré ló wà láàárín wọn, wọ́n sì jọra débi pé ará ilé gan-an máa ń ṣì wọ́n pè. Olóòlà kan náà ló kọ wọ́n nílà, lọ́jọ́ kan náà, nítorí baba wọn ní òun ò lè gbọ́ ẹkún lónìí kí òun tún gbọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí ẹ lè fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò ju ara lọ. Hàbíbátù gbẹ bí igi ìdáná, nítorí òun ló máa ń jókòó ti agbada gaàrí. Ṣẹ̀fíátù ní tirẹ̀ kún dáadáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n ọn.

Hàbíbátù ti lọ́kọ. Àmúdà lorúkọ ọkọ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe so yìgì wọn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá. Àmúdà ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó Àmẹ́ríkà kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń gbin àgbàdo tuntun. Ọjọ́ yìgì pé, òyìnbó ti mú un lọ sókè Ọya, òjò sì ba ọ̀nà jẹ́, wọn ò lè padà. Àwọn alùfáà ti péjọ. Ìrẹsì ti jinná. Wọ́n ní, ṣé kí a da oúnjẹ nù ni? Mùrí, àbúrò Àmúdà, ló bá jókòó sáyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ló dáhùn, òun ni wọ́n ṣàdúrà lé lórí. Hàbíbátù alára wà ní yàrá, àbúrò baba rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ fún un. Yìgì so. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, wọ́n ti bí Fàtímọ̀. Àmúdà ti dé nígbà náà o! Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo ń gbọ́ yín.

Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílé, ó mú Àmúdà dání lọ sí Àmẹ́ríkà, ó fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Lọ́dún tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí, lẹ́tà kan dé. Mùrí tó mọ̀wé ló mú un wá, ó dúró lẹ́bàá agbada, ó ń kà á.

"Ó kí yín, Ìyá. Ó ní àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ti gbà kí aya òun àti ọmọ òun wá bá òun. Físà ló kù, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú nìyẹn."

"Alihamudulilahi!" Ràhámọ̀tù fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú.

"Ẹ jẹ́ n kà á tán ná. Ó ní kí wọ́n tó fún èèyàn ní físà, dókítà kan n'Ìbàdàn yóò ya fọ́tò inú àyà rẹ̀. Bí ikọ́ ife bá wà níbẹ̀, wọn ò ní fún un. Ó ní kò sí ẹ̀bẹ̀."

Ibi tó kà á dé nìyẹn tí Hàbíbátù wúkọ́. Ó wú u lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi etí aṣọ bo ẹnu.

Mùrí rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ má jẹ́ kí dókítà gbọ́ ìyẹn o."

"Ọkọ mi kékeré, èéfín ni. Ẹ wá jókòó síbí fún wákàtí kan, ká wo ohun tí ẹ̀yin náà yóò wú."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ràhámọ̀tù nìkan ni kò rín. Àṣàbí, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kuta, ikọ́ ló pa á lọ́dún tó kọjá. Wọn ò pè é lórúkọ. Wọ́n ní òtútù àyà ni. Ṣùgbọ́n àgbà mọ ohun tó mọ̀. Láti ọjọ́ tí Mùrí ti ka lẹ́tà yẹn, gbogbo ikọ́ tí Hàbíbátù bá wú, bí ìgbà tí wọ́n ń gún Ràhámọ̀tù lọ́bẹ ni. Bí Hàbíbátù bá ní in ńkọ́? Bí Àmúdà bá dá dúró sọ́hùn-ún, tí obìnrin òyìnbó gbà á ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kó jẹun, títí ó fi pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wọ yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn.

"Hàbíbátù, ta ló dúró fún ọkọ rẹ lọ́jọ́ yìgì?"

"Mùrí ni."

"Yìgì náà ò so ni?"

"Ó so, Màámi."

"Ta ni ọkọ rẹ nínú àwọn méjèèjì?"

"Ẹ̀n, Màámi! Kí ni ẹ fẹ́ sọ?"

"Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé èèyàn ń dúró fún èèyàn. Àbúrò rẹ kì í wúkọ́. Ara rẹ̀ dá. Kó lọ dúró fún ọ níwájú ẹ̀rọ yẹn. Ilà kan náà ló wà lójú yín. Ọmú kan náà lẹ mu."

"Fọ́tò kì í ṣe yìgì o, Màámi."

"Ohun tí gbogbo alùfáà Ìwó gbà, òyìnbó wo ni yóò kọ̀ ọ́?"

Hàbíbátù wo ilẹ̀. Ó fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀, ẹ̀rù ikọ́ ara rẹ̀ sì ń bà á díẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣẹ̀fíátù ló pàtẹ́wọ́. "Èmi á lọ o! N ò wọ rélùwéè rí."

Báyìí ni wọ́n ṣe gba tésàn Ìwó lọ sí Ìbàdàn, Ràhámọ̀tù, Ṣẹ̀fíátù àti Fàtímọ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Hàbíbátù jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, akọ̀wé gba ìwé ìrìnnà tí àwòrán Hàbíbátù wà nínú rẹ̀, ó wo ilà tó wà nínú àwòrán, ó wo ilà tó wà lójú Ṣẹ̀fíátù, ó ní kí wọ́n jókòó. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Jemimah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń pe orúkọ.

"Hàbíbátù Àmúdà!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣẹ̀fíátù ń wo ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń yí lókè àjà.

"Hàbíbátù Àmúdà dà?"

Ràhámọ̀tù fi èékánná ja ọmọ rẹ̀ nítan. Ṣẹ̀fíátù fò dìde. "Èmi nìyí, mà!"

"Ṣé orúkọ rẹ ti di àjèjì sí ọ ni?"

"Ẹ má bínú. Rélùwéè ló dí mi létí."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ mú un wọlé, Fàtímọ̀ figbe ta: "Ṣẹ̀fí! Mo fẹ́ tẹ̀ lé Ṣẹ̀fí!"

Jemimah dúró. "Ọmọ yìí ń pe ìyá rẹ̀ ní Ṣẹ̀fí?"

"Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni," Ràhámọ̀tù dá a lóhùn. "Àwa ará ilé la fi kọ́ ọmọ."

Ẹ ò rí i? Irọ́ kì í dá rìn. Bó bá ti jáde nílé, ó ti pọn ọmọ sẹ́yìn nìyẹn. Jemimah wo Ràhámọ̀tù lójú díẹ̀, ó mú Ṣẹ̀fíátù wọlé, wọ́n ní kó fi àyà ti irin tútù kan, kó mí sínú, kó má mí síta. Wọ́n ya ti Fàtímọ̀ náà. Ṣẹ̀fíátù jáde, ó ń rẹ́rìn-ín pé tútù irin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òun tọ̀. Wọ́n ra ẹ̀pà jẹ nínú rélùwéè. Ràhámọ̀tù ń ronú pé ọgbọ́n òun pọ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́tà dókítà dé. Mùrí tún dúró lẹ́bàá agbada, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Wọ́n ní àyà Fàtímọ̀ mọ́." Ó ṣí ojú ìwé kejì. "Wọ́n ní ti Hàbíbátù ò mọ́. Ikọ́ ife ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lápá ọ̀tún. Físà rẹ̀ dúró ná. Kó wá kíákíá kí wọ́n máa gún un lábẹ́rẹ́, nítorí àìsàn yìí ń pani, ó sì ń ràn."

Ajọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Hàbíbátù. Ó la ẹnu, "Kì í ṣe èmi..." Ojú tí ìyá rẹ̀ fi wò ó ló pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mùrí rò pé ìbànújẹ́ ni. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa," ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Ràhámọ̀tù rí i bó ṣe sún sẹ́yìn.

Ṣẹ̀fíátù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìkòkò omi lérí. Kò sọ̀ ọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀, omi ń kán sí i léjìká.

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ tò pọ̀ lójú Ràhámọ̀tù. Nígbà tí Àṣàbí ń ṣàìsàn ní Kuta, ta ló rán lọ tọ́jú rẹ̀? Ṣẹ̀fíátù. Oṣù márùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún ọmọ náà pé, "Máa bá a jẹun nínú àwo kan o, kó má baà rò pé a ti kà á mọ́ òkú." Ọmọ gbọ́ràn, ó jẹ ẹ́. Láti ìgbà tó ti dé ni aṣọ tó fi ń bora ti ń tutù pẹ̀lú òógùn láàárọ̀, ìyá rẹ̀ ń sọ pé ooru ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán yẹn, ibà ló ń dán níbẹ̀.

Ṣé ẹ̀ ń bá mi bọ̀? Àwọn méjì ló wà. Ẹni tí ìwé pè ní aláìsàn, ara rẹ̀ le. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ìwé kankan ò mọ̀ ọ́n.

Hàbíbátù sunkún wọ yàrá. "Màámi, ẹ lọ sọ òótọ́ fún wọn."

"Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á ní onírọ́ ni wá, wọ́n á ya ìwé rẹ. Jẹ́ n ronú."

Ó ronú fún Jímọ́ọ̀ mẹ́ta. Ẹ máa ka Jímọ́ọ̀ yẹn fún mi o. Ní Jímọ́ọ̀ kìíní, ìròyìn ti kárí agbolé, kò sẹ́ni tó ra gaàrí wọn mọ́. Obìnrin kan láti Ilé-Ogbó tó ti san àsansílẹ̀ ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Ní Jímọ́ọ̀ kejì, àwọn ará ilé Àmúdà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ létí ìta pé ọmọ àwọn kò ní tìtorí obìnrin oníkọ́ dá gbé, pé àwọn mọ ilé tí àwọn yóò ti fẹ́ ẹlòmíràn fún un. Hàbíbátù gbọ́. Kò bá ìyá rẹ̀ jẹun lọ́jọ́ náà.

Ràhámọ̀tù wá rí ọ̀nà kan. Kí Hàbíbátù alára lọ ya fọ́tò mìíràn, kó sọ pé àgbo ilé ti wo òun sàn. Àyà rẹ̀ á mọ́, wọ́n á fún un ní físà, yóò lọ. Bó bá ti lọ tán, wọ́n á wá máa wo bí wọ́n ṣe máa ṣe ti Ṣẹ̀fíátù.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìyá yan ọ̀kan nínú ọmọ méjì. Kì í sọ ọ́ síta. Kì í tilẹ̀ sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé "kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ lọ ná." Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fi àgbo fún Ṣẹ̀fíátù mu láàárọ̀, ó mọ̀ pé àgbo yẹn kan náà ni Àṣàbí mu kú.

Ó sọ èrò rẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Hàbíbátù ní, "Àbúrò mi ńkọ́?" Kí ìyá tó dáhùn, Ṣẹ̀fíátù ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ. Èmi lè dúró. Ṣebí mo ti mọ bí a ṣe ń dúró fún un." Ó sì rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn fún Ràhámọ̀tù kí ọmọ náà gbá a létí.

Jímọ́ọ̀ kẹta, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ṣẹ̀fíátù ń bá wọn jọ gaàrí. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe ikọ́ ńlá. Ẹ̀jẹ̀ kán sínú ajọ̀, lórí gaàrí funfun, ó tó bí ọmọ ata wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Ọmọ náà yára fi ọwọ́ bù ú, ó fẹ́ sọ ọ́ nù kí ìyá rẹ̀ tó rí i.

Ìyá rẹ̀ ti rí i.

Ràhámọ̀tù ò wọlé lọ mú bàtà. Ó di Ṣẹ̀fíátù lọ́wọ́ mú, ó pe Hàbíbátù pé kó pọn Fàtímọ̀, ọkọ̀ elépo kan ló gbé wọn dé Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, nítorí rélùwéè ti kọjá. Ẹnu ọ̀nà ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n bá Jemimah tó fẹ́ máa lọ sílé. Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀ fún un lórí òkúta.

"Nọ́ọ̀sì, irọ́ ni mo pa. Èyí kọ́ ni Hàbíbátù. Èyí ni Hàbíbátù. Èyí tí ẹ yà nígbà yẹn, àbúrò rẹ̀ ni, òun ló ń kú lọ. Èmi ni mo ṣe é. Àwọn ọmọ ò mọ nǹkan kan."

"Ẹ dìde, Ìyá. Ẹ dìde ná." Jemimah wo ẹni àkọ́kọ́, ó wo èkejì. "Ṣẹ̀fí," ó pè é jẹ́ẹ́.

"Mà," Ṣẹ̀fíátù dáhùn.

"Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọmọ kì í purọ́. Kí ló dé tí ẹ ṣe báyìí, Ìyá?"

Ràhámọ̀tù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìgì. Jemimah gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín. "Yìgì lè ní aṣojú. Àìsàn ò ní in. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ orúkọ ẹnì kankan. Àyà tó bá rí ló ń yà."

Ó mú wọn padà wọlé. Dókítà òyìnbó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, Jemimah ń túmọ̀. "Ó ní, láti ìgbà tí lẹ́tà ti dé, ọjọ́ mélòó lẹ ti mọ̀ pé ọmọ yìí ló ni àìsàn náà?"

"Jímọ́ọ̀ mẹ́ta."

Ó pẹ́ kí Jemimah tó lè tú ìyẹn sí èdè òyìnbó.

Wọ́n dá Ṣẹ̀fíátù dúró lórí ibùsùn. Wọ́n ya fọ́tò Hàbíbátù: àyà rẹ̀ mọ́ bí omi òjò. Èéfín ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó fi àyà ara rẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbá ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Dókítà ní òun gbọ́dọ̀ kọ òótọ́ sí àwọn tó ń fúnni ní físà. Ràhámọ̀tù tún kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún un pé kó kọ ọ́ pé èmi ni. Kó kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà. Ràhámọ̀tù, oní-gaàrí, Ìwó."

"Ó ní òun á kọ ọ́, Ìyá. Àmọ́ orúkọ Hàbíbátù ló wà lórí ìwé ẹ̀bẹ̀ físà. Orúkọ yẹn ni wọ́n máa dá lẹ́jọ́."

Òun ni wọ́n sì dá lẹ́jọ́. Èsì dé lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n ní àìsàn ìbá ṣeé dúró dè, ẹ̀tàn ni kò ṣeé gbójú fò. Wọ́n ti ìwé Hàbíbátù pa. Hàbíbátù ò bú ìyá rẹ̀. Ó ń yan gaàrí, ó ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ bí ọmọ rere ṣe ń ṣe, àmọ́ láti ìkúnlẹ̀ yẹn títí di alẹ́, kò ní sọ gbólóhùn mìíràn sí i.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi gún Ṣẹ̀fíátù lábẹ́rẹ́. Ràhámọ̀tù ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbé ẹ̀kọ àti ẹja fún un, wọn ò jẹ́ kó sún mọ́ ọn, ojú fèrèsé ló ti ń wò ó. Ṣẹ̀fíátù á máa fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe bí abẹ́rẹ́ ṣe gùn tó, á na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń wọn aṣọ, á rẹ́rìn-ín. Ó padà wálé nígbà tí ọyẹ́ ń mú. Ó gbẹ. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nínú ọyẹ́ yẹn kan náà ni ọkùnrin kan sọ̀ ní tésàn pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. Àmúdà ni. Ó ku ọdún méjì kó gba ìwé ẹ̀rí. Ó ní òun ò lè máa jẹun nílẹ̀ tí aya òun ò lè wọ̀. Òyìnbó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Kò gbà.

Ràhámọ̀tù ti to ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àmúdà ò jẹ́ kó rí i lò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àtijọ́, Ìyá. Ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bó bá gbé ọkọ́ kọjá lọ sóko lójú ọ̀nà Kuta, Ràhámọ̀tù á tẹ orí ba sínú agbada bí ẹni pé gaàrí fẹ́ jóná.

Àwọn èèyàn máa ń tù ú nínú. Hàbíbátù alára ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lọ́jọ́ tó tún fẹnu ara rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀: "Màámi, ó tó. Bí ẹ ò bá mú Ṣẹ̀fí lọ, ta ni ìbá mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn? Ẹ̀yin lẹ gbà á là."

Ràhámọ̀tù mi orí. "Ire tó bá tinú irọ́ jáde, ti Ọlọ́run nìyẹn. Irọ́ ló jẹ́ tèmi. Jímọ́ọ̀ mẹ́ta yẹn náà, tèmi ni."

Bó sì ṣe ń gbé e kiri nìyẹn, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ó parí. Ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ gbọn ẹní yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sùn ti... Ta ló wúkọ́ yẹn? Mo ní ta ló wúkọ́? Ẹ má tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wú u, kó na ọwọ́ sókè fúnra rẹ̀.

Ìwọ ni? Ó dáa. Sún mọ́ ògiri, bo àyà rẹ dáadáa. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìwọ gan-an la óò gbé lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe àbúrò rẹ, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ̀yin yòókù, ẹ lọ sùn. Kí Ọlọ́run jí wa ire.